Àbàjà Ilé Wa Lẹ́rẹ̀kẹ́ Olè

Iṣẹ́ àwòrán ẹ̀fẹ̀ yìí sú mi lónìí.

Ìwé ìròyìn kan ní Jámánì ni mò ń yàwòrán fún, láti yàrá mi ní Bẹ́yẹrùnkà n'Ìbàdàn níbí. Wọ́n ní kí n ya olóṣèlú ilẹ̀ wa tó ń jalè. Mo ya ikùn rẹ̀ bí àgbá, mo wá bu àbàjà fún un, kó lè jọ ọmọ Ìbàdàn.

Àfi bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, olórí agbo ilé wa, ṣe yọjú wò ó láàárọ̀.

"Àbàjà ilé wa nìyí. Èwo nínú wa lo sọ di olè?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Àwọn òyìnbó tó máa rí i ò mọ ilà."

"Àwa tá a kọ ọ́ mọ̀ ọ́n."

Mo pa ilà rẹ́, mo tún ojú náà yà látòkèdélẹ̀, mo gbé e lọ bá Bàbá. Wọ́n wò ó títí, wọ́n wá wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tí kò ní ilà.

"Ó dáa báyìí. Kò jọ àwa mọ́. Ìwọ ló jọ."

Mo wo dígí. Imú mi ló wà lójú olè náà lóòótọ́.

Ìrọ̀lẹ́ yìí ni àwọn ará Jámánì ń retí iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé kí n dá àbàjà padà, àbí kí n fi ara mi ránṣẹ́ sí Jámánì?