Ọjọ́ Tí Mo Gbàgbé Láti Pa Fóònù Ìjọ

Ọjọ́ Ìsinmi tí a kọ́kọ́ gbé ìsìn ìjọ wa ní Ìrókò sórí Fesibúùkù ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé. Èmi ni wọ́n fi fóònù ìjọ lé lọ́wọ́. Mo so ó mọ́ òpó nítòsí pẹpẹ, ìsìn sì lọ déédéé.

Lẹ́yìn oore-ọ̀fẹ́, mo ń to àga. Ìyá Káyọ̀dé, opó àgbà kan tó máa ń sọ fún wa pé ọmọ òun ń pe òun déédéé, wá kúnlẹ̀ níwájú Pásítọ̀ fún àdúrà.

Wọ́n ní, "Irọ́ ni mò ń pa fún yín, Pásítọ̀. Káyọ̀dé kì í pè mí. Láti ìgbà tí a ti sin bàbá rẹ̀, mi ò gbóhùn ẹ̀ mọ́."

Ìgbà náà ni mo rántí pé n kò tíì pa fóònù! Mo sáré pa á, mo kúnlẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ pé àwọn tó ń wò wá ti gbọ́.

Mo rò pé Ìyá Káyọ̀dé á bínú. Wọ́n kàn ní, "Ṣé Káyọ̀dé wà lára wọn?"

Mo wo orúkọ àwọn tó kí wa lábẹ́ fídíò náà títí. N kò rí tirẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, n kì í gbàgbé láti pa fóònù mọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó pa á, Ìyá Káyọ̀dé á ti máa wò mí láti ìjókòó wọn, èmi náà á sì tún wo orúkọ àwọn tó ń wò wá lẹ́ẹ̀kan sí i.