Ilẹ̀ Yìnyín Lábẹ́ Ọ̀dà Dúdú

Òórùn ọṣẹ tí wọ́n pò mọ́ ọ̀dà dúdú ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn tí mo bá rántí ìgbà tí mò ń gbálẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Alágbàká, Àkúrẹ́. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ojú sì máa ń tì mí débi pé bí tíṣà bá kí mi, ilẹ̀ ni mo máa ń wò tí mo bá ń dáhùn. Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì kẹta nìkan ni mo máa ń lanu bá sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba, kì í tètè wá mú un, nítorí náà ọ̀dọ̀ mi ló máa ń jókòó sí lọ́sàn-án. Mo ti sọ ọ́ di tèmi láì bi ẹnikẹ́ni.

Àfi ìgbà tí ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà dé láti kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Oǹdó. Lọ́jọ́ kan, ó sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ yìnyín fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹta, ó ní kí wọ́n fi kéréyọ́ọ̀nù kun páálí, kí wọ́n fi ọ̀dà dúdú tí wọ́n pò mọ́ ọṣẹ bò ó, kí wọ́n sì sá a sóòrùn. Ó wá rẹ́rìn-ín sí mi: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fa igi ìgbálẹ̀ díẹ̀." Inú ìgbálẹ̀ mi ni mo ti fà á. Òun ni wọ́n fi ń ha ọ̀dà náà tí àwọ̀ fi ń yọ: òkè yìnyín, béárì funfun, àti ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tó ń rìn lójú ọ̀run ní ìpẹ̀kun ayé.

Lọ́sàn-án, ọmọ náà sáré gbé tirẹ̀ wá. Èèyàn méjì ló wà lórí yìnyín náà.

"Èwo ni èmi níbẹ̀?"

"Èmi àti Àǹtí tuntun nìyẹn. Àwa la jọ ń lọ."

"Èmi ńkọ́?"

Ó ronú díẹ̀. "Ẹ̀yin á máa bá mi ṣọ́ báàgì."

Mo rẹ́rìn-ín, mo gbé ìgbálẹ̀ mi, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, bàtà obìnrin yẹn, ohùn rẹ̀, àní bó ṣe ń rìn pàápàá, gbogbo rẹ̀ ló ń bí mi nínú. Mò ń gbàdúrà kó tètè padà sí Oǹdó, kí ọmọ mi lè padà sọ́dọ̀ mi.

Ọjọ́ tí obìnrin náà ń lọ, ọmọ náà fún un ní páálí náà. Ó gbà á, ó wọ takisí. Mo ti ra gúgúrú sílẹ̀, mo nà án sí ọmọ náà, kò wò ó. Ó gbé orí lé itan mi, ó bú sẹ́kún: "Àǹtí tuntun ti lọ o!" Ó ti padà sọ́dọ̀ mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n nítorí ẹlòmíràn ló ṣe ń sunkún. Mò ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn.

Oǹdó lèmi náà ń gbé báyìí, mo sì ti bímọ. Bí ọmọ mi bá ti ilé ìwé dé, "Tíṣà wa sọ pé" ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Màá ní kó jókòó, kó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó ṣì máa ń dùn mí díẹ̀. Mo kàn ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń gbọ́ ọ dópin ni.