Ìwé Tí Ọ̀gá Bu Ọwọ́ Lù Láì Kà

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ṣì wà láàyè, ara rẹ̀ sì le. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn, torí mi ò fẹ́ kó kú kó tó ka ohun tí mò ń kọ yìí. Pásítọ̀ wa ní Ìgándò ti wàásù ìdáríjì títí, gbogbo ìjọ ń ṣe àmín, èmi náà ń ṣe é pẹ̀lú wọn. Bí mo bá ti dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, màá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àjàṣẹ́ ni wọ́n bí mi sí, lápá Kútọnu lọ́hùn-ún. Yorùbá là ń sọ nílé wa, Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa níléèwé, Faransé náà ni mo sì fi kọ́ iṣẹ́ dókítà fún ọdún méje. Mo ti ṣiṣẹ́ abẹ fún aláboyún tí mi ò mọ iye wọn kí n tó pàdé ọkọ mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, iṣẹ́ táìsì ló ń ṣe. Ó wá lẹ táìsì sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ẹ̀gbọ́n mi ni ọ̀rọ̀ fi di ọ̀rọ̀, mo sì tẹ̀ lé e wá sí Èkó. Mo rò pé ọjọ́ tí mo bá kó ìwé ẹ̀rí mi dé ni wọ́n á ní kí n wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Dókítà tó bá kàwé lókè òkun tàbí lẹ́yìn ibodè gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò fún ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà kí wọ́n tó fún un ní ìwé àṣẹ. Kí wọ́n tó gbà á láyè láti ṣe ìdánwò ọ̀hún, dókítà kan tó ti ní ìwé àṣẹ ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà pé òun mọ̀ ọ́n, pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́, pé ó mọ iṣẹ́. Lẹ́tà ojú ìwé kan péré. Ọdún mẹ́ta ni mo fi wá ojú ìwé kan yẹn.

Ẹnì kan ló mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, ẹni tó ni ọsibítù aládàáni kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ọ̀gá wo ìwé ẹ̀rí mi lókè lódò, ó ní kí n wá máa dúró ti òun, kí n máa wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é níhìn-ín. Ó ní tó bá ti pé ọdún kan, òun á kọ lẹ́tà náà. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́. Títí dòní, bí mo bá rántí ìkúnlẹ̀ yẹn, orúnkún ń dùn mí.

Wíwò nìkan ni òfin gbà mí láyè. Kò tíì pé oṣù méjì tí èmi fúnra mi ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Mi ò ní purọ́, mo mọ̀ pé kò bófin mu. Mo ṣe é torí lẹ́tà, mo sì tún ṣe é torí pé ó ti pẹ́ tí mo ti fọwọ́ kan iṣẹ́ mi, ó sì ń wù mí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni wọ́n gbé obìnrin kan dé láti Ìkọ̀tún, ọmọ dábùú nínú rẹ̀. Ọ̀gá wà ní Ayọ̀bọ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé tuntun fún un. A pè é. Ó ní kí n máa ṣe é lọ, òun ń bọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ṣe é. Ọmọ ké, ìyá rẹ̀ yè, mo rán an, mo parí. Nígbà tó di aago mẹ́rin, ọ̀gá wọlé pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì lára bàtà, ó gbé kóòtù funfun wọ̀, ó sì wọ wọ́ọ̀dù lọ. Ó sọ fún àwọn ẹbí pé ó le díẹ̀ ṣá, ṣùgbọ́n Ọlọ́run bá òun ṣe é. Ìyá obìnrin náà wólẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń ṣàdúrà fún un. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ ṣì wà lára bàtà mi. Ọ̀gá yíjú sí mi.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ bá màmá bu omi wá."

Mo bu omi wá. Mo tiẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn.

Gbogbo iṣẹ́ abẹ ló ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀: ẹni tó ṣe é, ohun tó rí, ohun tó gé, ohun tó rán. Ẹni tó bá ṣe é ló yẹ kó kọ ọ́, kó sì bu ọwọ́ lù ú. Lọ́dọ̀ tiwa, èmi ni mo ń kọ ọ́, ọ̀gá ló ń bu ọwọ́ lù ú lọ́jọ́ Jímọ̀. Gẹ̀ẹ́sì mi nígbà yẹn ò dán mọ́rán. Ọ̀gá gbé àkọsílẹ̀ mi kan sókè níwájú àwọn nọ́ọ̀sì, ó kà á pẹ̀lú ohùn Kútọnu, ó ń sín mi jẹ, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ó ní kí n yéé pa Gẹ̀ẹ́sì lára, kí n máa fi Faransé mi kọ ọ́. Ó ní, ta ló fẹ́ kà á tẹ́lẹ̀?

Èmi náà bi ara mi, ta ló fẹ́ kà á?

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn lọ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, lórí àkọsílẹ̀ obìnrin Ìkọ̀tún yẹn. Mo máa ń kọ́kọ́ kọ iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ, láìfi ohunkóhun sílẹ̀, torí aláìsàn ò ṣẹ̀ mí. Lẹ́yìn náà, màá wá fi ìlà méjì mẹ́ta kún un ní Faransé tó mọ́lẹ̀ kedere: èmi ni mo ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, mi ò tíì ní ìwé àṣẹ ní Nàìjíríà, ẹni tó bu ọwọ́ lù ú nísàlẹ̀ yìí kò sí nínú ilé, ó wà ní Ayọ̀bọ̀, ó ń ṣọ́ bíríkìlà. Ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ọ̀gá ṣe ṣí fáìlì náà. Ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó fi èjìká ti fóònù mọ́ etí, ó bu ọwọ́ lù ú, ó pa á dé, ó na ọwọ́ fún òmíràn. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo ní láti jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé kí n lè rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe ń ṣe é lọ nìyẹn. Nígbà mìíràn mo máa ń kọ ohun tí ọ̀gá jẹ lọ́sàn-án. Nígbà mìíràn mo máa ń kọ aago tó dé, àti irọ́ tó pa fún ẹbí aláìsàn. Ó bu ọwọ́ lu gbogbo rẹ̀.

Ọdún kan pé, mo béèrè lẹ́tà, ó ní kí n ṣe sùúrù. Ọdún kejì pé, ó ní ṣé mo fẹ́ já òun jù sílẹ̀ ni. Ní ọdún kẹta, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n ti fọ́ọ̀mù ìdánwò, tí mo bá sì pàdánù rẹ̀, ó di ẹ̀yìn ọdún kan. Mo lọ bá a níwájú àwọn nọ́ọ̀sì, mo tún bẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Lẹ́tà kí ni? Ṣé kí n purọ́ fún ìjọba ni? Èmi ò rí ọ nídìí iṣẹ́ dókítà rí. Omi lò ń bù níbí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ojú ti àwọn nọ́ọ̀sì gan-an.

Mo fi ọjọ́ mẹ́ta ya fọ́tò gbogbo àkọsílẹ̀ mi sórí fóònù, ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ní àárọ̀ Tọ́sìdeè, mo wọ ọ́fíìsì rẹ̀, mo fa àga, mo jókòó kó tó ní kí n jókòó. Mo ní kó jẹ́ kí n ka nǹkan kan fún un. Mo kà á ní Yorùbá, láti orí obìnrin Ìkọ̀tún wá sílẹ̀, mo ń fi fọ́tò hàn án bí mo ṣe ń kà á. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé mò ń hùmọ̀ rẹ̀ ni. Mo wá mú àwòrán sún mọ́ ọn lójú, mo bi í pé ọwọ́ ta nìyẹn. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó nu ojú, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí i lára.

Ó ní, "Ìwọ náà á bá a lọ. O ò ní ìwé àṣẹ, ò ń la ikùn èèyàn."

Mo ní, "Mo mọ̀, sà. Bí wọ́n bá lé mi, màá pa dà sí Àjàṣẹ́. Dókítà ni mí níbẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Níbo lẹ máa lọ?"

Irọ́ ni mo pa. Mi ò lè pa dà síbì kankan. Ìgándò ni àwọn ọmọ mi ti ń lọ síléèwé, Èkó ni iṣẹ́ ọkọ mi wà. Ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, mi ò ṣẹ́jú, ó sì mú bírò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dá lẹ́tà náà pa dà fún un pé kó tún un kọ, torí kò yìn mí tó. Nígbà tó parí, ó bẹ̀ mí, ó pè mí ní dókítà, pé kí n pa àwọn fọ́tò náà rẹ́. Mo pa wọ́n rẹ́ lójú rẹ̀. Mo ti fi wọ́n ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Àjàṣẹ́ láti àná.

Mo ṣe ìdánwò, mo yege, mo gba ìwé àṣẹ mi. Mo ríṣẹ́ sí ọsibítù kan lápá Ìyànà Ìpájà, àwọn èèyàn ń kí mi ní dókítà láàárọ̀, mo sì rò pé ó tán.

Kò tíì pé ọdún méjì tí ọmọbìnrin kan wá bá mi níbẹ̀. Ọmọ Tógò ni, Faransé lòun náà fi kọ́ṣẹ́ dókítà. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ló wà. Òun ló ń ṣe iṣẹ́ abẹ, lẹ́tà sì di ọ̀la di ọ̀tunla. Àwọn nọ́ọ̀sì ti sọ fún un pé èmi nìkan ni mo gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn rí, ó sì fẹ́ mọ bí mo ṣe ṣe é. Mo bi í léèrè àkọsílẹ̀. Ó ní ọ̀gá kì í jẹ́ kí òun kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sínú rẹ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ń kọ gbogbo rẹ̀ báyìí, ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì máa ń kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó bu ọwọ́ lù ú.

Èmi ni mo kọ́ ọkùnrin yẹn lọ́gbọ́n. Mo gba tèmi, ẹni tó tẹ̀ lé mi ò sì ní nǹkan kan lọ́wọ́.

Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi dá àwọn fọ́tò náà pa dà. Mo tẹ̀ wọ́n jáde, mo túmọ̀ wọn, mo kọ orúkọ ara mi sókè gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà láì ní ìwé àṣẹ, mo sì gbé gbogbo rẹ̀ fún ìgbìmọ̀. Wọ́n gba ìwé àṣẹ mi pamọ́ títí ìwádìí á fi parí. Wọ́n sì ti ọsibítù náà pa.

Ọkọ mi bi mí ní tààrà pé ṣé torí ọmọ Tógò yẹn ni mo ṣe é. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọbìnrin náà kì í gbé ìpè mi mọ́, torí ibẹ̀ nìkan ló ti ń ríṣẹ́ ṣe. Ó sì ti di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ báyìí tí mo máa ń wọ mọ́tò láti Ìgándò lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá. Mi ò ní ẹnì kankan tí mo fẹ́ kí níbẹ̀. Màá dúró ní òdìkejì títì, màá wo àgádágodo ńlá tó wà lẹ́nu géètì ọsibítù ọ̀gá, inú mi á dùn, màá sì wọ mọ́tò pa dà sílé.