Àpáta Tútù Ẹ̀yìn Ilé Ìyá Mi

Ìdí pátákó ni mo dúró sí ní kíláàsì, tí mò ń kọ ìṣirò, nígbà tí ooru kan gbéra láti àyà mi, ó gun ọrùn dé orí. Ọyẹ́ mú, àwọn ọmọ wọ súẹ́tà, òógùn sì bo èmi tíṣà wọn. Mo ní ibà ni.

Ta ni kò mọ ibà ní Ìsẹ̀-Èkìtì? Mo lo oògùn rẹ̀ títí. Nígbà tí kò lọ, ọkọ mi, Bàbá Títí, se ewé dóńgóyárò, ó gbé ìkòkò tó ń hó síwájú mi, ó sì da aṣọ tó nípọn bo èmi àti ìkòkò, kí n lè làágùn ibà náà jáde. Òógùn tí mò ń sá fún! Díẹ̀ ló kù kí n dákú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.

Oorun dá lójú mi. Nǹkan oṣù ń wá nígbà tó bá wù ú. Ọrùn ọwọ́ ń ro mí, mo sì ń gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ìyẹn ló dùn mí jù, torí mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí dọ́kàn. Mo sọ fún Bàbá Títí pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀.

Ó ní, "Kọ́kọ́ lọ rí dókítà ná."

Mo jókòó pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù. Dókítà obìnrin náà yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, kò rí ibà. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi ga díẹ̀. Ó ṣàlàyé pé bí nǹkan oṣù bá ń múra àtilọ, họ́mọ́ọ̀nù, èròjà inú ara tó ń darí rẹ̀, á máa lọ sókè sódò, ooru, àìsùn àti ìgbàgbé á sì tẹ̀ lé e. Ó béèrè oorun mi, oúnjẹ mi, iṣẹ́ mi. Ó wá ní, "Mà, báwo ni ti ìyá yín ṣe rí?"

N kò mọ̀. Bí mo ṣe wọkọ̀ lọ sí Ìkẹ́rẹ́ nìyẹn.

Mo bá Màmá lẹ́yìn ilé, lórí àpáta tí a máa ń sá láfún sí nígbà èwe wa. Ayé ìgbà náà dùn! Láàárọ̀ ọyẹ́, a máa ń bá Màmá níbẹ̀ tó dojú bolẹ̀. A máa ń yọ́ kọjá, torí a rò pé àdúrà ló ń gbà.

Màmá rẹ́rìn-ín. "Àdúrà kẹ̀? Uná ló wọ unú mi, ọmọ mi. Àpáta yìí ló ń bá mi pa á."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ìyá mi ti kú."

Omi bọ́ lójú mi.

Nígbà tí mo padà sí Ìsẹ̀, èmi àti dókítà kọ́kọ́ tọ́jú ìfúnpá náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí iléèwé, mo pa aṣọ láílọ́ọ̀nù tì, mo ń wọ aṣọ òwú. Nígbà tí ìfúnpá wálẹ̀, dókítà fún mi ní oògùn họ́mọ́ọ̀nù díẹ̀, ó sì ń ṣọ́ mi. Ọ̀gá iléèwé gbé mi lọ sí kíláàsì tí atẹ́gùn ń wọ̀ dáadáa. Ooru náà ṣì ń yà kí mi, àmọ́ mò ń sùn, mo sì ń pe àwọn ọmọ lórúkọ. Mo dúpẹ́ pé n kò fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Nígbà ìsinmi, Títí ọmọ mi tẹ̀ lé mi lọ sí Ìkẹ́rẹ́. Ó bá èmi àti ìyá àgbà rẹ̀ tí a nà gbalaja sórí àpáta láàárọ̀, ó sì fẹ́ yọ́ padà sẹ́yìn.

Mo ní, "Títí, kì í ṣe àdúrà. Wá jókòó, ká sọ fún ọ."