Ààbọ̀ Àpò Sìmẹ́ńtì

Ọmọ mi, bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí ni kí o bá mi kọ ọ́ sílẹ̀: lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin máa ṣe fìrídọ́ọ̀mù iṣẹ́ bíríkìlà ní Felele, èmi ni mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Mo wọ léèsì, mo gbé obì dání, mo sì jókòó sórí bulọ́ọ̀kù bí ẹni jókòó sórí àga ọba. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi kọ́ṣẹ́ láàárín àwọn ọkùnrin. Oòrùn ò lé e wọlé rí.

Àṣà wọn níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ gbòmìnira gbọ́dọ̀ ru odindi àpò sìmẹ́ńtì láti ẹnu ọ̀nà dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, láì sọ ọ́ kalẹ̀. Àwọn méjì ló fẹ́ gbà á lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin kan tó sígbọnlẹ̀ ló kọ́kọ́ ru tirẹ̀. Ó sáré gòkè bí ẹni ru ìrọ̀rí. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ó wá kan ọmọ mi. Ni alága àwọn bíríkìlà bá dìde. Ọmọ Bùnú ni, ọlọ́yàyà èèyàn, òun ló kọ́ yàrá mi ní Ganaja.

"Obìnrin ni. Ẹ bu ààbọ̀ fún un."

Ariwo ta. Ẹnì kan ní, "Alága, bó bá ru ààbọ̀, ààbọ̀ ọ̀gá ni o!" Òmíràn ní, "Kai! Ṣé ẹ fẹ́ kí ọrùn rẹ̀ ṣẹ́ ni?"

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn ọmọ mi. Bó bá ru ààbọ̀, orúkọ yẹn á lẹ̀ mọ́ ọn títí ayé. Bó bá ru odindi, ara tín-ín-rín yẹn lè má gbà á, fìrídọ́ọ̀mù á sì bọ́.

"Mi ò fẹ́ ààbọ̀," ló wí.

Èmi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ ilé tí mò ń sùn. Mo kí i bí àwọn ará Bùnú ṣe ń kíra wọn, mo ní, "Alága, ọ̀kún o."

"Ọ̀kún o, màmá wa."

"Nígbà tí ẹ ń kọ́ yàrá mi, ta ló ru sìmẹ́ńtì?"

"Lébìrà ni, màmá."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi ń to bulọ́ọ̀kù."

"Kí ló wá dé tí kọ́bọ́ọ̀dù mi ò fi lè fẹ̀yìn ti ògiri yẹn títí dòní? Òkè kàn án, ìsàlẹ̀ ò kàn án. Adìyẹ ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá!"

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa wọ́n. Alága fi fìlà bojú. "Màmá, ẹ bò mí láṣìírí."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bò ó. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì to igun ilé, kí okùn ìwọ̀n yín sọ̀rọ̀. Ìwọ̀n kan náà ni, ọkùnrin o, obìnrin o."

Ọ̀gá tó kọ́ ọmọ mi níṣẹ́ ní òótọ́ ni mo sọ. Wọ́n po sìmẹ́ńtì, àwọn méjèèjì to bulọ́ọ̀kù. Wọ́n na okùn tó ní irin nídìí sí igun tọmọ mi: kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Wọ́n na án sí ti sígbọnlẹ̀ wa: ó tẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló tì í wó. Ó ní, "Abeg, make I start again." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tò ó kí okùn tó gbà fún un.

Wọ́n ṣàdúrà fún àwọn méjèèjì. Ìgbà tí a jẹ obì tán ni ọmọ mi ní kí wọ́n gbé àpò náà ru òun, kí òun kàn dán an wò. Àtẹ̀gùn kẹrin ló ti sọ ọ́ kalẹ̀, ó jókòó tì í, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó pè é ní ààbọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, á wá wó ògiri mi, á sì tún un kọ́. Alága ní òun fúnra òun lòun máa ru sìmẹ́ńtì wá fún un. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n kó má ru ààbọ̀ o.