Obìnrin Inú Kásẹ́ẹ̀tì

Kọ́púrà ni mí ní bárékè kan ní Òṣòdì nígbà tí owó epo gbòde, tí ìjọba ò rí ohun tí kò lè rà. Àwọn ọ̀gá wa ní ká kọ́ Faransé, nítorí àwọn tó ń sọ ọ́ ló yí wa ká. Wọn ò gba tíṣà. Wọ́n fún oníkálùkù ní rẹ́kọ́dà àti kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní ká máa kọ́ ara wa.

Obìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì náà. Yóò sọ gbólóhùn kan, yóò sì dákẹ́ kí o lè tún un sọ. Púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ ò wúlò fún olólùfẹ́: ẹ dúró, ìwé ìrìnnà yín dà? Èmi ọmọ Èkìtì, mi ò lè tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ láìfi “mà” sí i. Gbogbo yàrá á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ máa rẹ́rìn-ín nìṣó! Èmi nìkan ni mo mọ ohun tí mò ń wá.

Ọmọbìnrin Tógò kan ni mo fẹ́ fi ṣaya, tó ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ aṣọ ní Ìsọlọ̀. Ó gbọ́ Yorùbá débi pé ó ń fi bú mi. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ò gbọ́ ọ, ó sì ti ránṣẹ́ pé òun ò ní fọmọ fún ọkùnrin tí òun ò lè bá sọ̀rọ̀ láìsí ògbufọ̀. Tí mo bá kùnà, yóò mú un padà sílé.

Bàbá dé ní Sátidé kan, sí yàrá tí ọmọ rẹ̀ rẹ́ǹtì ní Òkè-Àfà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo kí i bí kásẹ́ẹ̀tì ṣe kọ́ mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹjú mọ́ mi, ó wá bi mí ní Faransé, díẹ̀díẹ̀, bíi ti obìnrin yẹn gẹ́lẹ́:

“Ṣé ẹ fẹ́ràn ọmọ mi?”

Ó sì dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló kó bá mi. Ẹnu mi ò dúró gbàṣẹ.

“Ṣé ẹ fẹ́ràn ọmọ mi, mà?”

Ọmọbìnrin náà fọwọ́ bojú. Mo mọ̀ pé mo ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n bàbá ò bínú. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó wò ó títí, ojú rẹ̀ sì rọ̀.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ló wí. “Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.”

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá rẹ̀ rí.

Bàbá mú ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa tọ́jú rẹ̀. Gbólóhùn yẹn ò sí nínú kásẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ó yé mi. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò tún un sọ. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá.”