Lẹ́tà Tí Caidi Ò Jẹ́ Kí Ọkọ Ẹ̀ Bó

Ẹ ò gbọ́ bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ṣe ń sọ̀rọ̀? Gbogbo nǹkan ló "ṣọ̀wọ́n" lẹ́nu wọn. Bàtà tí ilé iṣẹ́ ń rọ jáde bí òjò, ó ṣọ̀wọ́n. Ife tíì tí mo fi ń bu omi fún ológbò, òun náà ṣọ̀wọ́n. Ẹnu tó ń pe gbogbo nǹkan ní wúrà, ṣé ó máa mọ wúrà tó bá rí i? Bao Genfu náà sọ̀rọ̀ báyẹn títí, kó tó di pé ìyàwó ẹ̀ tí ò mọ̀wé fi ohun tó ṣọ̀wọ́n hàn án.

Genfu ló ń koná nígbà yẹn nílé iṣẹ́ aláró tó wà létí odò wa nílùú Shaoxing, ó ṣe é tó ogójì ọdún. Ojú ẹ̀ dúdú fún èédú, àmọ́ ọwọ́ ẹ̀ mọ́ ju ti dókítà lọ, nítorí sítáǹbù orí lẹ́tà tó ń ṣà jọ. Gbogbo àpò lẹ́tà tí wọ́n bá jù nù lọ́fíìsì ló ń ṣà. Á gé igun tí sítáǹbù wà, á rẹ ẹ́ sínú bàsíà omi, á ṣí i jẹ́jẹ́, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì fèrèsé kó gbẹ. Bí gbogbo àwọn tó ń ṣa sítáǹbù ládùúgbò ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tí ò bá wẹ tiẹ̀, ọ̀bùn ni. Fèrèsé ilé wọn kún débi pé oòrùn ò ráyè wọlé.

"Bàbá Yinfeng, ṣé inú òkùnkùn la máa wà títí a ó fi kú?" Caidi ìyàwó ẹ̀ ló ń wí bẹ́ẹ̀. Yinfeng lorúkọ ọmọ wọn.

Nǹkan kan ṣoṣo ni Caidi fi dù ú. Nígbà tí ìjọba kó Genfu lọ ṣiṣẹ́ oko lókè àríwá, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀, ọgbọ̀n lẹ́tà ló kọ sílé. Caidi kó wọn sínú agolo bisikíìtì, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà tí Genfu padà dé, tí àrùn sítáǹbù kọ lù ú, ó ní kó kó wọn wá, òun fẹ́ gé wọn.

"Gé kí ni? Ojú lẹ́tà lojú ẹni tó kọ ọ́. Mi ò mọ̀wé, ojú ẹ̀ nìkan ni mò ń rí wò. Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bó ojú ọkọ mi."

"Ọkọ ẹ rèé níwájú ẹ!"

"Mo rí yín. Èyí tó wà nínú agolo kì í hanrun ní tiẹ̀."

Nígbà tó kù díẹ̀ kí Genfu fẹ̀yìn tì, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣa sítáǹbù ní àwọn fẹ́ pàtẹ nígboro. Ẹni tí tiẹ̀ bá yege, wọ́n á fún un ní pátákó kan, wọ́n á kọ orúkọ ẹ̀ sí i. Genfu ò fẹ́ nǹkan míì láyé mọ́: orúkọ akoná lórí pátákó. Ó di ìwé sítáǹbù mẹ́sàn-án mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó di ọ̀dọ̀ Tíṣà Ruan, olórí ẹgbẹ́.

Ruan fi ẹ̀mú kékeré gbé ọ̀kan, ó gbé òmíì.

"Bàbá Bao, ẹ mà ti wẹ̀ wọ́n bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ."

"Ẹ ṣeun, Tíṣà."

"Mi ò yìn yín o! Àìmọye irú èyí ni wọ́n tẹ̀. Kí ló máa mú tiyín yàtọ̀? Ibi tó ti rìn dé ni, ara òǹtẹ̀ pósọ́fíìsì, àmì tí wọ́n ń tẹ̀ lé sítáǹbù àti àpò lẹ́tà, nìyẹn sì wà. Ẹ ti gé òǹtẹ̀ sí méjì, ẹ ti ju ààbọ̀ nù. Tí ẹ bá ní odidi àpò lẹ́tà, ẹ mú un wá kó tó di Sátidé tí a máa pàtẹ."

Genfu délé, kò fọwọ́ kan ìrẹsì. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyá Yinfeng, ojú tí mo ti bó ò lóǹkà. Ìwọ nìkan lo gbọ́n."

"Ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni?"

"Yá mi ní agolo yẹn."

"Tí ọ̀bẹ bá kàn án ńkọ́?"

"Kí ọwọ́ mi rọ."

"Tí omi bá kàn án ńkọ́?"

"Ìyá Yinfeng!"

"Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín ni."

Caidi ò tiẹ̀ gbé e fún un. Ó jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó gbé agolo lé itan bí ọmọ, wọ́n jọ lọ ni.

Tíṣà Ruan ń ṣí lẹ́tà, ó ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó dé ìkẹtàlá, ó gbé e sún mọ́ ojú ẹ̀. Òǹtẹ̀ orí ẹ̀, ti pósọ́fíìsì oníyàrá kan inú oko yẹn ni. Wọ́n ṣí i nígbà yìnyín kan, kí yìnyín tó yọ́ wọ́n ti tì í pa. Ruan ti gbọ́ nípa ẹ̀ rí, àmọ́ kò tíì fojú rí i. Mẹ́rin irú ẹ̀ ló wà nínú agolo yẹn.

"Sítáǹbù orí ẹ̀ ò tó owó tíì. Òǹtẹ̀ yìí ló ṣọ̀wọ́n. Bàbá Bao, ẹ ti gba pátákó. Kí n kọ Bao Genfu sí i?"

Genfu wo agolo, ó wo ìyàwó ẹ̀. "Ẹ kọ Zhou Caidi."

"Ẹ kọ tiẹ̀ náà sí i," Caidi dáhùn, "kí wọ́n má rò pé mò ń gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọkùnrin míì."

Èmi náà lọ síbi ìpàtẹ yẹn. Caidi dúró ti pátákó bíi ṣọ́jà, Genfu dorí kodò bí ọkọ ìyàwó. Mo bi Caidi pé kí ni wọ́n tiẹ̀ kà fún un nínú ìkẹtàlá yẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ẹnu sí mi létí, ó ní Genfu kọ ọ́ síbẹ̀ pé, tí òun bá fi lè padà délé láàyè, ohun àkọ́kọ́ tí òun máa ṣe ni pé òun máa...

"Màmá Àgbà! Ẹ dá ìtàn yẹn dúró, ìrẹsì yín ń jóná o!"